Bí a ṣe ń yan rọ́bà ọwọ́ alùpùpù, àti bí a ṣe ń fi í sí i tí kò fi ní yí dànù

Òjò ń pa mí bọ̀ láti Ìkìrun lọ́jọ́ náà. Mo ti wọ Òṣogbo, ó ku díẹ̀ kí n dé Òkèfìà, ni mo bá dín iná kù fún kòtò kan tí omi ti kún. Mo kọjá kòtò náà, mo ní kí n fún un níná padà, ọwọ́ mi yí, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Mo tún yí i, kò dáhùn. Rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún ti tú kúrò lára páìpù tó wà nínú rẹ̀, òun nìkan ló ń pòòyì ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Kórópe kan wà lẹ́yìn mi tó ń fọn fèrè, alùpùpù mi sì ń kú lọ láàárín títì. Mo fi ìwọ̀nba eré tó ṣẹ́ kù darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa rọ́bà yẹn, ó yọ wẹ́rẹ́ bí ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá mi fi í sí i kò fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́. Gírísì ló fi pa inú rẹ̀ kó lè tètè wọlé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi ṣe é, mo sì ti bá àwọn ará àdúgbò ṣe tiwọn náà. Iṣẹ́ bíi wákàtí kan ni, kò le. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ ni pé rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Tọ́rọ́tù, ohun tí a ń yí láti fún ẹ́ńjìnnì níná, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà tí kò di páìpù mú kò ní jẹ́ kí ẹ lè fún alùpùpù níná. Rọ́bà tó há sáàárín páìpù àti ohun mìíràn kò ní jẹ́ kí iná padà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó padà, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ má fi ohun tí mo máa sọ nípa ọwọ́ òsì ṣe tiyín, torí ọwọ́ òsì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń yí jíà. Ti alùpùpù nìkan ni mo ń sọ.

Ohun tó wà lábẹ́ rọ́bà

Bí ẹ bá bọ́ rọ́bà òsì, irin hándù gan-an lẹ máa bá níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ń rìn nílùú wa, ìbú irin yìí jẹ́ mílímítà 22. Lára páálí, wọ́n lè kọ ọ́ ní 7/8, ìyẹn ìdá méje nínú mẹ́jọ íǹṣì kan. Àwọn alùpùpù ràgàjì bíi Harley-Davidson ló máa ń lo irin oní-íǹṣì kan, mílímítà 25.4. Rọ́bà tiwọn kò lè di irin tiwa mú, bó ti wù kí gọ́ọ̀mù pọ̀ tó.

Bí ẹ bá bọ́ ti ọ̀tún, ohun mìíràn lẹ máa rí: páìpù ike tí wọ́n kì bọ irin hándù, tó ń yí lórí rẹ̀. Páìpù yìí ló ń fa wáyà tọ́rọ́tù. Nítorí ike náà nípọn, ihò rọ́bà ọ̀tún gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti òsì lọ, ó máa ń tó bíi mílímítà 25. Ìdí nìyẹn tí rọ́bà méjèèjì inú páálí kan kì í fi í dọ́gba. Ẹ yọ wọ́n síta, ẹ wo ihò wọn kí ẹ tó sanwó, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti di òsì méjì pa pọ̀ fún yín.

Ẹ wọn gígùn náà. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ilé súìṣì, ìyẹn àpótí kékeré tí àwọn súìṣì wà lára rẹ̀ lórí hándù, títí dé etí irin. Rọ́bà tó wọ́pọ̀ wà láàárín mílímítà 115 sí 130. Èyí tó bá gùn jù lọ́wọ́ ọ̀tún á máa ha ilé súìṣì, èyí tó bá kúrú jù á jẹ́ kí ìka kékeré yín máa sinmi lórí irin lásán. Ẹ tún wo etí hándù yín: bóyá irin wúwo kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ inú rẹ̀. Iṣẹ́ irin náà ni láti dín gbígbọ̀n hándù kù. Bó bá wà, rọ́bà tí etí rẹ̀ ṣí lẹ máa rà. Bí kò bá sí, èyí tí etí rẹ̀ dí ló dára, kí omi òjò má baà máa wọ inú irin kó sì máa dípẹtà.

Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí sínú fóònù kí ẹ tó jáde nílé.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó ń ta á máa sọ fún yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló ń wọ Boxer." Kò purọ́, gbogbo wọn lè wọ̀ ọ́. Wíwọ̀ ni wọ́n máa wọ̀, dídi mú ni kò dá wa lójú. Mo ti lọ yí ká àwọn ilé páàtì ní àgbègbè Ọláìyá àti Ìgbóǹnà tó láti mọ̀ pé àwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi hàn yín: pupa, búlúù, aláwọ̀ ewé. Ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀ ná.

Ẹ kọ́kọ́ ronú nípa ìrìn yín. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan ni ọ̀pọ̀ alùpùpù wa, irú rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n. Ẹni tó ń gun tirẹ̀ láti Ọ̀kè-Baálẹ̀ dé Ọláìyá nìkan lè má fiyè sí i. Ẹni tó ń gbé èrò láti àárọ̀ di alẹ́, tàbí tó ń lọ sí Iléṣà tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ìka rẹ̀ á máa kú tipiri lálẹ́. Gbígbọ̀n tó pọ̀ fún ọdún púpọ̀ máa ń ba iṣan ara àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ jẹ́. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá ti ń kú lára yín, ẹ má fi ojú kékeré wò ó, ẹ wá rọ́bà tó rọ̀.

Rọ́bà dúdú lásán, tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù, ni mo máa ń dábàá fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Ó ń gba òjò, ó ń gba oòrùn, ó sì rọrùn láti lẹ̀. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù: ó yẹ kó wọlé díẹ̀, kó sì padà sípò lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá wọlé rárá, bí igi ló máa rí lọ́wọ́ yín. Bí ojú èékánná bá dúró síbẹ̀, kò ní pẹ́ ya. Lẹ́yìn náà, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun nù ún gidigidi. Bí ó bá kun aṣọ náà dúdú, yóò kun ọwọ́ yín bẹ́ẹ̀, pàápàá tí òógùn bá mú un.

Fóòmù rọ̀ lọ́wọ́, ó ń gba gbígbọ̀n mọ́ra dáadáa, ọwọ́ kì í tètè rẹ ẹni tó bá lò ó. Àmọ́ láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, omi ni fóòmù sì ń mu. Ẹ máa fún omi jáde lára hándù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gùn ún. Ó tún máa ń tètè fàya tí alùpùpù bá ṣubú. Àwọn kan wà tó ní jẹ́ẹ̀lì nínú. Wọ́n dùn mú nígbà tí wọ́n bá wà ní tuntun, ṣùgbọ́n bí oòrùn àti òógùn bá bá wọn pẹ́, òmíràn nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oje igi. Ẹni tó bá ní ibòji gbé alùpùpù sí lè rà á.

Àwọn onírin tó ń dán, tí wọ́n fi òrùka rọ́bà díẹ̀ sí lára, ló wu àwọn ọ̀dọ́. Èmi ò fẹ́ràn wọn. Irin máa ń yọ̀ tí òógùn tàbí òjò bá kàn án, oòrùn ọ̀sán sì máa ń mú un gbóná débi pé ẹ ò ní lè dì í mú. Oríṣi mìíràn tún wà tó ní òrùka irin létí, tí wọ́n fi Allen key ń dè mọ́ hándù láìlo gọ́ọ̀mù. Ìyẹn dára gan-an bó bá jẹ́ ojúlówó. Kìkì pé ti ọ̀tún rẹ̀ sábà máa ń wá pẹ̀lú páìpù tọ́rọ́tù tirẹ̀, ibi tí orí wáyà ti ń wọ inú páìpù náà sì gbọ́dọ̀ bá ti yín mu. Bí kò bá bá a mu, tọ́rọ́tù lè má ṣí tán, tàbí kó máa há. Ẹ gbé páìpù àtijọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi wọ́n lé ara wọn.

Nínípọn rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ di rọ́bà náà mú bí ẹni tó ń gun alùpùpù. Ó yẹ kí orí àtàǹpàkò yín lè kan ìka àárín. Bí àlàfo tó pọ̀ bá wà láàárín wọn, ó ti nípọn jù fún yín, apá yín á máa ro yín, ìka yín ò sì ní tètè dé ọwọ́ bíréèkì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi ni rọ́bà tó nípọn yẹ.

Mo rí i tí àwọn ọlọ́kadà máa ń gé tíúùbù àtijọ́, tí wọ́n á wé e mọ́ rọ́bà tó ti jẹ. Mo mọ̀ pé owó ló fà á. Tí ẹ bá máa wé e, ọwọ́ òsì nìkan ni kí ẹ wé. Ní ọwọ́ ọ̀tún, tíúùbù lè tú díẹ̀díẹ̀, kí etí rẹ̀ wọ àárín rọ́bà àti ilé súìṣì, kó sì di tọ́rọ́tù mú ní ibi tí iná ti pọ̀.

Bí ẹ ṣe máa bọ́ ti àtijọ́

Ẹ wá abẹ tuntun, sikírùdíráfà méjì, sípíríìtì, sáńdípépà múlọ́múlọ́, àkísà tó mọ́ àti gọ́ọ̀mù. Ẹ gbé alùpùpù dúró lórí sítáńdì àárín, kó má baà ṣubú lù yín. Bí irin etí hándù bá wà, ẹ kọ́kọ́ tú u.

Bí ẹ kò bá ní fi rọ́bà àtijọ́ ṣe nǹkan kan mọ́, abẹ ni ọ̀nà tó yá jù. Ní ọwọ́ òsì, ẹ gé e tààrà láti ìpìlẹ̀ dé etí, kí abẹ máa lọ kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ sì ya á bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ ṣe sùúrù: ike ló wà nísàlẹ̀. Abẹ tó bá wọ ike náà jinlẹ̀ ti fi ojú ẹ̀là sí i nìyẹn, níbẹ̀ ni yóò sì ti sán lọ́jọ́ kan. Ẹ gé rọ́bà náà dé ìdajì nínípọn rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ fa ìyókù ya.

Bí rọ́bà náà bá ṣì dára tí ẹ fẹ́ pa á mọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà. Ẹ jẹ́ kó ki ẹnu ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sábẹ́ ètè rọ́bà, kó sì fẹ́ ẹ wọlé. Afẹ́fẹ́ á gbé rọ́bà náà kúrò lára irin, ẹ ó kàn máa yí i jáde ni. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lórí èyí tí etí rẹ̀ dí. Bí kò bá sí fọ́kánáísà nítòsí, ẹ fi sikírùdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ètè rẹ̀ díẹ̀, ẹ da sípíríìtì sí i, ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn.

Lórí alùpùpù mìíràn, wọ́n ti da rọ́bà ọ̀tún pọ̀ mọ́ páìpù rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kò ṣeé yà. Bí ẹ bá rí i pé ike ń bá rọ́bà wá, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ ra páìpù tuntun kún un.

Fífọ̀ àti dídán an wò ní gbígbẹ

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sáré kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ náà wà. Gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ eruku, kì í lẹ̀ mọ́ òróró, kì í sì í lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ. Ẹ fi sáńdípépà ha ìpẹtà kúrò lára irin òsì títí yóò fi dán. Ẹ fi sípíríìtì nù ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ máa pààrọ̀ àkísà, títí àkísà yóò fi mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́.

Ní ọwọ́ ọ̀tún, mo máa ń tú ilé súìṣì. Sikírúù méjì ló sábà máa ń dè é. Ẹ yọ orí wáyà tọ́rọ́tù kúrò nínú páìpù, ẹ fa páìpù náà jáde, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ nu irin tó ń yí lé lórí. Ẹ wò ó bóyá ó ti sán. Ẹ fi gírísì bíńtín pa orí wáyà nìkan. Ẹ jẹ́ kí irin àti inú páìpù gbẹ, torí eruku ọ̀nà wa yóò da gírísì pọ̀ di ẹrẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ yí tọ́rọ́tù láìsí rọ́bà lórí rẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Bí kò bá fò padà fúnra rẹ̀ báyìí, rọ́bà tuntun kò ní tún un ṣe. Wáyà tàbí páìpù ni ẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀.

Kí ẹ tó ṣí gọ́ọ̀mù, ẹ fi rọ́bà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó máa wà, kí ẹ mọ ibi tó yẹ kó parí sí, kí ẹ sì mọ apá tó máa kọjú sókè. Bí ara rọ́bà kò bá rí bákan náà yíká, apá tó nípọn ló máa ń wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

Fífi tuntun sí i

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù kọ́kọ́ ná. Èyí tí wọ́n ṣe fún rọ́bà ọwọ́ gan-an ló dára jù: bó bá wà ní tútù, ó ń yọ̀, bó bá gbẹ, ó di mú. Bí ẹ kò bá rí i, gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò á ṣe é, kìkì pé ó máa ń tètè mú. Ẹ má lo súpà gúlúù. Ó lè gan kí rọ́bà tó dé ìdajì ọ̀nà, ó sì máa ń le bí gíláàsì, gbígbọ̀n á fọ́ ọ. Mẹkáníìkì kan, ọmọdé ni, sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fi pẹtiróòlù sí i, á wọlé kíá." Òótọ́ ni, á wọlé. Ṣùgbọ́n pẹtiróòlù máa ń mú rọ́bà wú, iná sì lè ràn mọ́ ọn. Ọṣẹ náà á jẹ́ kó wọlé, á sì jẹ́ kó jáde nígbà tí òjò bá dé.

Ẹ fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ yín lè mọ iṣẹ́ náà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí ìpìlẹ̀ irin àti inú ẹnu rọ́bà, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ kó tín-ín-rín. Kí ó tó gbẹ, ẹ tì í wọlé, kí ẹ máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún láìdúró. Bí ẹ bá dúró láàárín, ẹ lè má lè sún un mọ́. Nígbà tó bá dé ìpìlẹ̀, ẹ yí i sí ibi tó yẹ, ẹ nu gọ́ọ̀mù tó yọ síta. Ẹ má jẹ́ kó kan súìṣì fèrè tàbí ti tíráfíkétà.

Ti ọ̀tún nìyí, ẹ fara balẹ̀. Ìta ara páìpù ike nìkan ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí. Ẹ dá a dúró bíi mílímítà 10 sí etí páìpù, torí bí gọ́ọ̀mù bá ṣàn wọ àárín páìpù àti irin, ẹ ti lẹ tọ́rọ́tù mọ́ hándù nìyẹn. Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fẹ́ mọ̀ lórí títì. Ẹ ti rọ́bà wọlé bíi ti òsì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó kan ilé súìṣì. Ẹ fi àlàfo mílímítà 2 sí 3 sílẹ̀ níbẹ̀. Mo máa ń ká páálí sí méjì, kí n fi há àárín wọn títí gọ́ọ̀mù yóò fi mú, kí n tó yọ ọ́. Bí etí rọ́bà bá dí, ẹ rí i pé ìdí rẹ̀ kò tẹ etí irin. Irú àlàfo kan náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí irin etí hándù bá wà, òun náà kò gbọdọ̀ kan rọ́bà nígbà tí ẹ bá dè é tán.

Ẹni tó bá rí rọ́bà tó ní ojú ìlà wáyà lára lè fi wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í dípẹtà dè é kún gọ́ọ̀mù. Ẹ lọ́ orí rẹ̀ pọ̀, ẹ gé e kúrú, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú rọ́bà, kó sì kọjú sísàlẹ̀, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ kò ní dé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi alùpùpù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wákàtí 24. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń fi jẹun kò fẹ́ gbọ́ èyí. Ẹ ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní jáde lọ́jọ́ kejì.

Kí ẹ tó gùn ún

Ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí tọ́rọ́tù dé òpin, ẹ tú u sílẹ̀ lójijì. Ó gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lú ìró, láìrọra. Ẹ ṣe é nígbà tí hándù bá wà ní gbọọrọ, ẹ yí hándù sí òsì tán, ẹ tún un ṣe, ẹ yí i sí ọ̀tún tán, ẹ tún un ṣe. Ẹ wo bí tọ́rọ́tù ṣe ń yí lófìfo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà: mílímítà 2 sí 6 ló dára lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù.

Ẹ wá tan án, kó wà ní fíríì. Ẹ jẹ́ kí sílòó rẹ̀, ìyẹn eré ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ kò yí tọ́rọ́tù, balẹ̀, kí ẹ máa yí hándù lọ sí òsì, lọ sí ọ̀tún. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń ga sókè bí ẹ ṣe ń yí i, wáyà tọ́rọ́tù ti fà jù tàbí kò gba ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má gùn ún títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹ tẹ ọwọ́ bíréèkì àti ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì náà, kí ẹ rí i pé rọ́bà tuntun kò dí wọn lọ́nà.

Ìdánwò tó kù ni ti omi. Ẹ da omi sí rọ́bà méjèèjì, ẹ fi gbogbo agbára lọ́ wọn. Ti òsì kò gbọdọ̀ mì. Fún ti ọ̀tún, ẹ yí i dé òpin, kí ẹ sì tún gbìyànjú láti yí i kọjá ibẹ̀. Bó bá sún lórí páìpù, bó ti wù kó kéré tó, ẹ bọ́ ọ kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe bí tọ́rọ́tù bá há lójijì lórí eré: ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ pa kọ́kọ́rọ́ láìyọ ọ́, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà ẹ̀yìn. Ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí ẹ bá ń kọ́ ní gígùn.

Ẹ gùn ún yípo àdúgbò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó gbé e lọ sójú títì Iléṣà tàbí Ẹdẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún fi ọwọ́ lọ́ rọ́bà ọ̀tún kí ẹ tó gbéra. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá pa á. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ètè rẹ̀ ti ń sán, tàbí tí ara rẹ̀ ti dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ń dì mú, ẹ ra òmíràn. Ti ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, torí òun ni ọwọ́ ń yí ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀ kí nínípọn wọn lè dọ́gba lọ́wọ́ yín.